Pọ́ǹpù afafẹ́fẹ́ lábò wa ò fa dáadáa mọ́, epo inú ẹ̀ ti dà bí ògì, ẹ gbà mí o

LábòÀjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìrànlọ́wọ́ torí ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́.

Lábò ilé ẹ̀kọ́ kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí l'Ájàṣẹ́, èmi ni mo ń tọ́jú àwọn irinṣẹ́. A ní pọ́ǹpù afafẹ́fẹ́ kan, èyí tó ń lo epo, oní-ìpele méjì, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní pompe à vide. Òun la fi ń gbẹ oje ewé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọtí fà. Wọ́n á da oje sínú abọ́, wọ́n á gbé abọ́ sínú ìgò ńlá tó nípọn yẹn, èmi á so tuyó rọ́bà mọ́ ọn, pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀, tó bá fi máa di ọjọ́ kejì oje ti gbẹ, wọ́n á kàn máa ha á bí ìyẹ̀fun ni. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń bá wa ṣiṣẹ́, kò fa wàhálà kankan.

Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni nǹkan ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá so ó mọ́ ìgò òfìfo, kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé abẹ́rẹ́ manomẹ́tà, èyí tí a fi ń wo bí afẹ́fẹ́ inú ìgò ṣe kù tó, á ti wálẹ̀ dé 0.1 mílíbà, ìgbà míì á tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, 8 ló ń dúró sí, mo fi í sílẹ̀ wákàtí kan gbáko lánàá, 7 ni mo bá a. Ohùn ẹ̀ ti yàtọ̀, ó ń kùn bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́nà ọ̀fun. Èéfín epo ń jáde níbi tó ti ń tú afẹ́fẹ́ síta, ó pọ̀ débi pé epo ti lẹ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìn ẹ̀. Èyí tó wá já mi láyà jù ni pé mo wo gíláàsì kékeré tí a fi ń wo epo, epo tó mọ́ kedere bí oyin tẹ́lẹ̀ ti di funfun, ó ki, ó dà bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí.

Wọ́n ní kí n gbé e lọ bá mẹkaníìsì kan tó ń tún pọ́ǹpù omi ṣe lọ́nà Ouando, ó ní kí n mú 60.000 sẹ́fà wá, òun á tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ọkàn mi ò gbé e. Ṣé ó ti bàjẹ́ pátápátá ni àbí nǹkan wà tí mo lè kọ́kọ́ yẹ̀ wò fúnra mi? Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló ń dúró dè mí kí wọ́n tó lè parí iṣẹ́ wọn, ojú wọn ni mò ń rí lójoojúmọ́, ó ń dùn mí.

OnífíríìjìKétu

Ẹ kú àárọ̀ o ará Àjàṣẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Fíríìjì àti klimatisẹ̀ẹ̀ ni mò ń tún ṣe níbí ní Kétu, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọjọ́ tí mi ò ní fọwọ́ kan irú pọ́ǹpù yìí, torí ká tó da gáàsì sínú fíríìjì, àfi ká kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù ẹ̀ tán. Tiyín kàn tóbi ju tèmi lọ ni, ìyá kan náà ló bí wọn.

Ẹ má tíì fún mẹkaníìsì yẹn ní owó kankan. Ó lè mọṣẹ́ pọ́ǹpù omi dáadáa o, mi ò bú u, ṣùgbọ́n tó bá tú tiyín palẹ̀ sórí tábìlì tí iyanrìn wà, tó wá fi bébà oníyanrìn ha inú ẹ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn irin inú ibẹ̀ sún mọ́ra débi pé irun orí ò lè gba àárín wọn kọjá. Irin roboto kan ló ń yí nínú ihò tó fẹ̀ jù ú lọ, kò sí láàárín gan-gan, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Palẹ́ẹ̀tì méjì, àwọn abala pẹlẹbẹ kékeré, wà lára irin yẹn tó ń yọ síta tó ń wọlé, bó ṣe ń yí ni wọ́n ń fara nu ògiri ihò, tí wọ́n ń gbá afẹ́fẹ́ lọ, wọ́n á fún un pọ̀ títí á fi ti fáàfù ṣí, á bá ibẹ̀ jáde. Epo ló ń dí àlàfo tó bá kù. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyẹn, wọ́n rò pé torí kí irin má jẹra ni epo ṣe wà níbẹ̀. Epo gan-an ló ń di afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ mú kó má baà padà sẹ́yìn. Tí epo bá ti bàjẹ́, pọ́ǹpù á máa yí, á máa pariwo, kò ní fa.

Epo tó funfun bí ògì, omi ló wọ inú ẹ̀, kò sí àníàní. Oru omi máa ń wọlé bí afẹ́fẹ́ náà ni, àmọ́ tí pọ́ǹpù bá ti ń fún un pọ̀ kó lè tì í jáde, á ti di omi kó tó dé ẹnu fáàfù, á wá dà pọ̀ mọ́ epo. Epo yẹn á tún yí padà lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ò sí, omi inú ẹ̀ á tún di oru, pọ́ǹpù á tún máa fà á. Omi ara ẹ̀ ló ń fà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bó ṣe wá dúró sí 7, 8 nìyẹn.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ tú tuyó kúrò, ẹ fi ìdérí irin àti jọ́ọ̀ntì ẹ̀, rọ́bà tó ń dí àlàfo, dí ẹnu pọ́ǹpù pa, kó jẹ́ manomẹ́tà nìkan ló wà lórí ẹ̀. Ẹ wá wo ara ẹ̀ lókè, bọ́tìnnì kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gas ballast, ẹ yí i ṣí. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọ ibi tí wọ́n ti ń fún oru pọ̀, kí fáàfù lè tètè ṣí kí oru tó rójú di omi. Ẹ tan pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan kí ara ẹ̀ gbóná. Èéfín á pọ̀, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má bẹ̀rù. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ ti gas ballast, ẹ wo abẹ́rẹ́, ẹ wo epo. Tó bá ti mọ́, ọpẹ́ ni. Tó bá ṣì funfun, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Nítorí Ọlọ́run, ẹ má dá tuyó padà kí ẹ tó mọ ibi tí pọ́ǹpù nìkan lè dé, torí tí ẹ bá so gbogbo ẹ̀ pọ̀ ẹ ò ní mọ ẹni tó jẹ̀bi láàárín pọ́ǹpù, tuyó àti ìgò.

Ìyá_Lábò

Ọmọ mi, mo kí ẹ, mo sì kí Onífíríìjì Kétu, òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní lábò kí n tó fẹ̀yìn tì, etí ọ̀sà níbí l'Ájàṣẹ́ ni mò ń gbé, mo mọ nǹkan tí ọ̀rinrin ìlú wa máa ń fojú irinṣẹ́ rí, pàápàá lásìkò òjò. Gas ballast tí ó sọ yẹn, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Gaede ló ronú kàn án ní 1935, láti ìgbà yẹn kò tíì sí ohun tó dára jù ú lọ fún pọ́ǹpù elépo tó ń fa nǹkan tútù. Síbẹ̀ mo ti wọ lábò tó pọ̀ tó jẹ́ pé bọ́tìnnì yẹn ti dógùn-ún nítorí pé ẹnikẹ́ni ò ṣí i rí.

Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan díẹ̀ kí o tó náwó. 8 tí o kà yẹn, ṣé ó dá ẹ lójú pé kò sí nǹkan nínú ìgò? Mo rí ẹnì kan nígbà kan tó da epo tuntun nù lẹ́ẹ̀mẹta torí pé abẹ́rẹ́ ò wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ oje tútù ló wà nínú ìgò ní gbogbo ìgbà yẹn. Omi tó wà ní ìwọ̀n ooru 20, oru ara ẹ̀ á tó 23 mílíbà, tó bá di 30 bí lábò tiwa níbí, á tó 42. Ti ọtí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní 20 péré ó ti sún mọ́ 59. Kò sí ẹ̀bi pọ́ǹpù níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí nǹkan tútù bá ṣì wà nínú abọ́, abẹ́rẹ́ ò ní wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìgò òfìfo tó gbẹ ni kí o máa fi dán an wò, tàbí kí o dí ẹnu pọ́ǹpù bí wọ́n ṣe ní kí o ṣe.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ta ló ní kí wọ́n máa fi ọtí bẹ́ẹ̀ bọ pọ́ǹpù elépo lẹ́nu? Mi ò bá ẹ wí o, ọ̀rọ̀ náà ló ká mi lára. Ọtí máa ń yòrò mọ́ epo ni, á sọ epo di ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀, palẹ́ẹ̀tì á máa ha ògiri ihò láìsí epo tó nípọn láàárín wọn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbé oje sórí omi gbígbóná, kí ọtí fò lọ, kí ó kù díẹ̀ kó gbẹ kó tó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù yìí. Lẹ́yìn náà kí o fi ìgò kan sáàárín ìgò ńlá àti pọ́ǹpù, kí o kì í bọ inú yìnyín tí wọ́n fọ́ tí wọ́n da iyọ̀ sí. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti rí yìnyín gbígbẹ tàbí áṣọ́ọ̀tì olómi (azote, gáàsì tí wọ́n sọ di omi tó tutù gan-an) níbí, ṣùgbọ́n yìnyín lásán kò ṣòroó rà lọ́jà, yìnyín àti iyọ̀ á tutù dé bíi 20 lábẹ́ òdo. Kò ní mú gbogbo ọtí o, àmọ́ omi á dì mọ́ ara ìgò yẹn kó tó dé inú epo. Kí o máa da ohun tó bá kó jọ sínú ẹ̀ nù lójoojúmọ́, torí ìgò tó ti kún, kó sí kó má sí, bákan náà ni.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, epo wo lẹ ń dà sí i?

Ó kù kan, èyí ni mi ò sì ní fi ṣeré. Ìgò ńlá yẹn, tí fífẹ̀ ìdérí ẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, nígbà tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ bá ti tán, afẹ́fẹ́ ìta tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó 500 kílò. Wò ó dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀ kí o tó lò ó, kó má ní ìsán kékeré kankan tó là bí ìràwọ̀. Fi sèlótéèpù yí i ká. Kí ẹnikẹ́ni má dúró ti ìgò yẹn láìfi gíláàsì sójú. Mo ti rí èyí tó fọ́ wọnú, mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ.

LábòÀjàṣẹ́

Ẹ ṣé gan-an màmá, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n Kétu. Ìgò òfìfo ni mo fi kà á o màmá, mo ti yọ abọ́ kúrò. Ti epo, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ òtítọ́ ni kí n sọ: oṣù tó kọjá epo lọ sílẹ̀, èmi ò sí níbẹ̀, ẹnì kan rí i, ó lọ da epo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ sí i kó lè pé. Èmi náà kà á sí nǹkan kékeré nígbà tí mo gbọ́.

Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí. Mo dí ẹnu ẹ̀, 7 náà ló dúró sí, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ pé inú pọ́ǹpù fúnra ẹ̀ ni nǹkan wà. Mo wá gas ballast, ó le, mo fi asọ dì í mú kó tó yí. Mo tan án, lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú mo tún tì í wò, abẹ́rẹ́ ti bọ́ sí 2! Inú mi dùn. Bí mo ṣe ní kí n tún ṣí i padà ni iná lọ, kò sì dé títí ilẹ̀ fi ṣú, mo fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ mo lọ ilé.

Nígbà tí mo dé ní àárọ̀, mo gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀, mo tú bóòtù ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wò ó, ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe epo rárá, omi ni, omi dúdú díẹ̀ tó ń rùn ọtí, ó tó ìlàjì ife tíì, kí epo funfun yẹn tó wá ń yọ bọ̀ ní fífà bí ilá. Gbogbo òru ló fi sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀. Mo dúró wò ó, mo ní ah, èyí ló wà nínú ẹ̀ tí mo ń bá a jà láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé tí mo bá da gbogbo ẹ̀ nù, ṣé epo ọkọ̀ tuntun tó mọ́ ò lè ṣe é? Torí epo pọ́ǹpù gan-an, Kutonu ni mo ti lè rí i, ó sì wọ́n.

OnífíríìjìKétu

Rárá o! Ẹ má dán an wò. Epo ọkọ̀ ní oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọn kó lè máa fọ ẹ́ńjìnnì, àwọn nǹkan yẹn máa ń tú oru, wọ́n sì máa ń jẹ́ kí omi dà pọ̀ mọ́ epo kó má lè yà á mọ́. Epo pọ́ǹpù, wọ́n ti yọ gbogbo ohun tó lè fò nínú ẹ̀, iyì tó ní nìyẹn, owó tí ẹ sì ń san lé e lórí nìyẹn. Mo ti lo epo ọkọ̀ rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, fíríìjì mẹ́ta ni wọ́n gbé padà wá bá mi nínú oṣù kan, mo tọrọ àforíjì, mo tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ti bóòtù yẹn padà lẹ́yìn tí omi bá jáde tán, ẹ tan pọ́ǹpù bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lọ́wọ́ọ́wọ́, tí epo bá ti ṣàn dáadáa nígbà náà ni kí ẹ da gbogbo ẹ̀ jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀ kí èyí tó fara pamọ́ lè tú. Epo tuntun àkọ́kọ́ tí ẹ máa dà sí i, ìfọ̀ ni, ẹ da díẹ̀, ẹ jẹ́ kó yí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ dà á jáde. Tó bá ṣì jáde ní funfun, ẹ tún un fọ̀. Nígbà tó bá jáde bó ṣe wọlé ni kí ẹ wá kún un dé àárín àmì méjèèjì, ẹ má jẹ́ kó kọjá àmì òkè o, epo tó bá pọ̀ jù ló máa ń tú síta bí èéfín.

Ọmọ_Ṣábẹ

Ẹ kúuṣẹ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́ màmá. Ẹ dákun ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ yín lẹ́nu díẹ̀, tèmi náà fara jọ ọ́. Níbí ní Ṣábẹ, pọ́ǹpù tiwa ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá láti ìgbà ọyẹ́. Tí mo bá tan án á kàn máa kùn hùùùn, kò ní yí, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ disijọ̀ntẹ̀ẹ̀, èyí tó ń gé iná, á já. Ní ọ̀sán ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà míì, àárọ̀ ló burú jù. Àwọn kan ní kí n gbé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lọ tún wáyà wé.

OnífíríìjìKétu

Àbúrò, má tíì wé wáyà kankan. Òwúrọ̀ ọyẹ́ epo máa ń ki, pọ́ǹpù tútù á wúwo fún ẹ́ńjìnnì, tí kúràǹ bá tún wá kéré, á wulẹ̀ máa kùn ni. Fi fọ́tímítà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn agbára iná, wò ó nígbà tó ń gbìyànjú láti yí, kì í ṣe kó tó tan o. Tó bá yẹ kó jẹ́ 220 tó wá ń wálẹ̀ dé 170, ibẹ̀ ni wàhálà ẹ wà, wo wáyà tí wọ́n fi fa iná wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń tín-ín-rín jù tàbí kó jìnnà jù. Tú ìdérí ẹnu ẹ̀ kó rí afẹ́fẹ́ gbà kí o tó tan án, ó lè jẹ́ pé nígbà tí o pa á kẹ́yìn epo ló fà sínú ihò, epo yẹn ni ò jẹ́ kó yí.

Tí kúràǹ bá pé tó ṣì ń kùn, kọndansatẹ̀ẹ̀ ni, agolo roboto kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti wú lórí tàbí tó ń tú nǹkan, ó ti kú, pààrọ̀ ẹ̀ sí oníye kan náà bó ṣe wà lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o yọ ọ́ kúrò nínú iná, kí o sì tú iná inú ẹ̀ jáde kí o tó fọwọ́ kàn án, ó máa ń di iná mú lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á, ó ti gbá mi rí, apá mi gbọ̀n di ìrọ̀lẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì oníwáyà mẹ́ta ni tìrẹ tí oníná ṣẹ̀ṣẹ̀ tún so, wo ọfà tó wà lára ẹ̀, bóyá ẹ̀yìn ló ń yí sí.

Tí gbogbo ẹ̀ bá dára, yọ ọ́ kúrò nínú iná, fi ọwọ́ yí ibi tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì. Tó bá yí pẹ̀lú agbára díẹ̀, ó dára. Tó bá dúró gbagidi, inú ẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, ìyẹn ni wọ́n máa ń tú.

LábòÀjàṣẹ́

Mo dé o! Mo lọ ra epo ní Kutonu lọ́jọ́ Jímọ̀, lítà méjì. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ́. Mo kún un, mo dí ẹnu ẹ̀, mo tan án, mo jókòó tì í. Ó wálẹ̀ dé 1, ó wálẹ̀ dé 0.2, ó ń lọ, ó ń lọ, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú 0.02. Mo pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n wá wò ó.

Nǹkan méjì ló wá kù. Bó ṣe wálẹ̀ báyìí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ-kọ-kọ-kọ, kò dún bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní 7, ẹ̀rù tún bà mí, mo pa á. Ìkejì, nígbà tí mo dá tuyó àti ìgò òfìfo padà, 1.5 ló dúró sí, kò kọjá ibẹ̀.

OnífíríìjìKétu

Kọ-kọ-kọ yẹn, ìròyìn ayọ̀ ni. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ò bá sí mọ́ láti gba epo dúró, epo fúnra ẹ̀ ló ń gbá fáàfù. Ṣí gas ballast díẹ̀ báyìí, tó bá dákẹ́, epo ni. Tó bá jẹ́ pé ó ń dún bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀, tàbí tó ń ha bí irin tó ń lọ irin, ìyẹn yàtọ̀, palẹ́ẹ̀tì tàbí rọ́bà tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ fura sí.

Ti 1.5 yẹn, ibì kan ló ń jò. Àwa máa ń fọ́n áṣọ́ọ̀tì sínú páìpù, a ó wá da ìfófòó ọṣẹ sí gbogbo orí ìsopọ̀, ibi tó bá ń hó ló ń jò.

Ìyá_Lábò

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó ṣe ti ọṣẹ yẹn lára gíláàsì o. Páìpù kọ́pà lè gba kí wọ́n fẹ́ nǹkan sínú ẹ̀, ìgò kò gbà á, á bú. Tí pọ́ǹpù bá sì ń fà, ọṣẹ ò ní hó, inú ni á fà á sí.

Ọmọ mi, fi kílíìpù di tuyó pa lẹ́bàá ẹnu pọ́ǹpù, kà á. Tó bá wálẹ̀ dé ibi tó yẹ, sún kílíìpù síwájú, tún kà á. Bẹ́ẹ̀ ni kí o máa sún un títí tí o fi máa kàn ìgò. Ibi tí o bá kọjá tí abẹ́rẹ́ sá lókè, ẹ̀yìn ibẹ̀ ni ó ti ń jò. Kí o tẹ́ ìka gba gbogbo orí tuyó, rọ́bà máa ń sán níbi tó ti wọ ẹnu irin, ìsán yẹn kì í hàn àfi tí o bá tẹ̀ ẹ́. Nu gírísì ìdérí ìgò kúrò pátápátá, kì í ṣe kí o kàn fi tuntun lé ti àná lórí, irun kan ṣoṣo tó bá sùn sáàárín ìdérí àti ìgò tó láti jẹ́ kó jò.

Kí o tó pa pọ́ǹpù lójoojúmọ́, kọ́kọ́ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé sẹ́nu ẹ̀. Àti pé kí o wá kọ́kọ́rọ́ kan sí àárín tuyó tí o lè tì nígbà tí iná bá lọ lójijì, torí nígbà tí pọ́ǹpù bá dúró tí ìgò ṣì ṣófo, epo á gba tuyó lọ bá oje ọmọ ọlọ́mọ nínú abọ́. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣòfò bẹ́ẹ̀ lójú mi, mi ò gbàgbé bí ó ṣe sunkún.

Ọmọ_Ṣábẹ

Ẹ̀gbọ́n Kétu, ọlọ́run á fún yín ṣe o. 165 ni fọ́tímítà kà nígbà tó ń kùn! Wáyà tí wọ́n fi fa iná láti yàrá kejì ni, ó tín-ín-rín bí ti bọ́ọ̀bù. A yí i padà sí èyí tó nípọn, ó ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ báyìí, a ò wé wáyà kankan.

LábòÀjàṣẹ́

Màmá, bí ẹ ṣe wí ni mo bá a. Mo sún kílíìpù lẹ́ẹ̀mẹrin, tuyó wà dáadáa títí dé orí tó wọ ẹnu ìgò. Mo tẹ orí yẹn láàárín àtàǹpàkò àti ìka mi, ó la ẹnu bí ẹnu ẹja, ìsán náà gùn tó èékánná. Mo gé ibẹ̀ kúrò, mo tún un kì bọ ẹnu irin. Ó bọ́ sí 0.4. Mo nu gírísì ìdérí, ìyẹ̀fun ewé ló wà nínú ẹ̀, mo fi asọ tó mọ́ nù ún títí gíláàsì fi ń dún lábẹ́ ọwọ́ mi, mo fi gírísì tuntun tín-ín-rín, 0.08. Kọ-kọ-kọ náà dákẹ́ nígbà tí mo ṣí gas ballast.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi gbígbóná lé ọtí kúrò, yìnyín àti iyọ̀ wà láàárín, láàárọ̀ yìí mo bá omi tó dì lára ìgò àárín bí ìka mi ṣe nípọn, inú epo ni gbogbo ìyẹn ì bá lọ. Oje akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ti gbẹ, ó ń ha á báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Epo tí mo dà jáde ńkọ́, ibo ni kí n gbé e sí?

Ìyá_Lábò

Kó o sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sí i lára, kó máa wà pẹ̀lú àwọn oògùn tí ẹ fẹ́ kó dànù ní lábò. Ọtí àti oje wà nínú epo yẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ fi pa igi tàbí fi dáná, má sì jẹ́ kó dé ọ̀sà.

LábòÀjàṣẹ́

Mo ti gbọ́ màmá. Mo tún gé páálí kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè pọ́ǹpù, mo kọ ọjọ́ tí mo pààrọ̀ epo sí i àti "ẹnu dídí: 0.02". Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan ni màá máa dí ẹnu ẹ̀ kà á, màá máa kọ ọ́ síbẹ̀. Ti òní rèé: 0.02.